Okùn Opó ní Àpáta Àlùfáà

Ọjọ́bọ̀, 2 Fẹ́búárì 1961

Ìjì ti jà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó ká òrùlé ilé adìẹ lọ sínú òkun, adìẹ mẹ́rin sì bá a lọ. Àwọn méjì tó kù ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Ní èbúté, ìgbì gbé ọkọ̀ kékeré Bàbá Silas fò kọjá odi, ó fọ́ ọ mọ́ ara ilé ọtí. Bàbá Silas, tó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, wo àwọn pákó tó fọ́ náà, ó ní, "Ó kéré tán, òun náà ti mọ ọ̀nà ibẹ̀." Àpò èédú kan ti di ṣílè mẹ́jọ.

Denzil ọmọ mi gun orí òkè lọ wo Àpáta Àlùfáà nínú òkun, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń dẹ akàn kó tó kú. Ẹ̀jẹ̀ wà létí rẹ̀ nígbà tó padà dé, afẹ́fẹ́ ló sọ òkúta bà á. Ó ní kọ́ọ̀kì dúdú bàbá òun, tó so mọ́ okùn ìgèrè rẹ̀, ṣì ń léfòó níbẹ̀, okùn kò já. Oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ọdún ikú rẹ̀ pé, kí n sì fà á sókè.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Fẹ́búárì

Màá kọ ọ́ síbí nítorí n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ mẹ́ta kí Wilf ọkọ mi tó kú, ó di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn. Ó ní, "Thirza, èmi ni mo gé okùn ìyá Garfield." Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Wilf nígbà náà. Òkun ti gbé bàbá Garfield Nance lọ, ó ku ọjọ́ kan kí ọdún pé, kí opó rẹ̀ fa okùn rẹ̀ ní Àpáta Àlùfáà, kó sì fi lé ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà lọ́wọ́. Bàbá Wilf fún Wilf ní ọ̀bẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí kọ́ọ̀kì, kò sí okùn, kò sí ìgèrè. Gbogbo wa sọ pé òkun ló jẹ ẹ́. Ibi tí kò bá ti ní okùn mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju ìgèrè sí i ló ni ín, bàbá ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyá Garfield ti ń fi orúnkún rìn nílẹ̀ ilé àwọn olówó, tó ń nu ún, títí ó fi kú.

Wilf ní, "Fún Garfield lókùn. Mo ti sọ fún un pé wàá fún un." Mo ní mo gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò sọ pé mo gbà.

Ọmọ méjì ni mo bí. George ti wà ní Kánádà, lẹ́tà méjì lọ́dún. Bí Denzil kò bá rí Àpáta Àlùfáà fi ṣiṣẹ́, akàn tó kù níbòmíràn nínú òkun yìí kò lè bọ́ ológbò. Yóò tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, èmi nìkan ni yóò sì kù nínú ilé yìí pẹ̀lú adìẹ méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Fẹ́búárì

Àlejò dé sí yàrá òkè: Míìsì Frayne, ẹyẹ ló fẹ́ wá yà. Ó san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀. Ó gùn bí ọ̀pá àsíá, bàtà rẹ̀ kò sì yẹ ọ̀nà wa. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ní, "Màdáámú Hocken, ibí yìí dákẹ́ o. Mi ò rò pé irú ilẹ̀ báyìí ṣì kù, tó yọrí sínú òkun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n." Lákòókò yẹn gan-an, Denzil ń fi igi fọ́ orí ejò-òkun kan nínú àgbàlá, ẹja tí a fi ń dẹ akàn. Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó yé gbọ̀n. Míìsì Frayne rọra ti fèrèsé.

Nígbà tí a ń mu tíì, ó béèrè kí ni kọ́ọ̀kì dúdú tí òun ń rí láti orí òkè. Mo ní ti ọkọ mi ni. Bí apẹja bá kú, à ń fi ìgèrè rẹ̀ kan sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀, a ó fi ọ̀dà dúdú kun kọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo. Ọjọ́ náà ni opó máa fà á sókè. Ẹni tó bá fi okùn lé lọ́wọ́ ló ni ibẹ̀.

Ó ní, "Ó mà dára o. Ta lẹ máa fún?"

Mo bi í bóyá ó fẹ́ búrẹ́dì sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Fẹ́búárì

Òtútù burúkú. Denzil ti hun ìgèrè ogójì. Ọwọ́ rẹ̀ ti là, ọ̀pá igi wílò tó fi ń hun ún ti gé e yánnayànna, ó sì ń kọrin. Mo jókòó tì í lẹ́bàá iná, mò ń fi òróró pa ojú ọgbẹ́ náà. Ní ilé ọtí, ó ti sọ fún gbogbo ayé pé ní ọjọ́ kejìlá Éprìlì, òun á ju gbogbo ogójì sórí Àpáta Àlùfáà lẹ́ẹ̀kan. Garfield wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún tán, ó sì bọ́ síta.

Ọjọ́ Ajé, 6 Máàṣì

Garfield Nance ti ju ìgèrè méjìlá sórí Àpáta Àlùfáà. Kọ́ọ̀kì rẹ̀ aláwọ̀ pupa yí ti Wilf dúdú ká.

Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn, nítorí ó ti ṣẹ̀ báyìí. Kò dúró de okùn. Ẹni tí kò bá dúró de okùn, kí ló tún ní láti sọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Máàṣì

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń pa á rẹ́.

Wọ́n pàdé ní èbúté lówùúrọ̀, bí mo ṣe ń ra ẹja lọ́wọ́ Bàbá Silas. Denzil di Garfield ní kọ́là ẹ̀wù, ó fà á jáde nínú ọkọ̀. Garfield ti lé ní ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ tóbi bí ti màlúù, kò mira.

Denzil ní, "Òkú bàbá mi ò tíì pé ọdún, o ti wá ń jẹ lórí ẹ̀. Ebi ń pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Garfield ní, "Gbé ọwọ́ ẹ kúrò, ọmọ Wilf. Bàbá ẹ fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé ibẹ̀ ti padà sọ́wọ́ mi. Màmá ẹ mọ̀. Bi í."

Gbogbo èbúté yíjú sí mi. Ẹja wà lọ́wọ́ mi, omi rẹ̀ ń kán sí mi lórí bàtà. Denzil náà yíjú. "Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Garfield ń wò mí, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ ọdún mẹ́fà. Denzil gbá a lẹ́nu lójú mi níbẹ̀. Eyín kan bọ́ sórí òkúta. Bàbá Silas fi ẹsẹ̀ tì í sínú omi bí ẹni ń tọ́jú ilé, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ṣì ni."

Ọjọ́bọ̀, 9 Máàṣì

Wọ́n ti gé okùn ìgèrè méjèèjìlá Garfield. Denzil jẹ ẹyin méjì, kò bá mi sọ nǹkan kan. Èmi náà kò bi í.

Ọjọ́rú, 15 Máàṣì

Iná. Gbogbo ìgèrè Denzil tó wà nídìí odi jó, ogójì, gbogbo iṣẹ́ òtútù. Wílò gbígbẹ máa ń jó tìbínú-tìbínú, ó ń ta, ó ń sán. Denzil wọ inú rẹ̀ láti fa mẹ́ta jáde, irun ojú rẹ̀ jó lọ. Nígbà tó jáde, ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Ṣùgbọ́n mo wo eérú náà, inú bí mi sí Garfield, mo sì gbé e mì.

Míìsì Frayne ní ta ló máa ṣe irú nǹkan báyìí níbi tó dákẹ́ báyìí. Mo ní iná ilé ìdáná ló ta débẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 16 Máàṣì

Ìjà lẹ́yìn ilé ọtí. Wọ́n fi ara wọn gba ògiri títí ògiri fi bó. Egungun ìhà Denzil méjì ti ṣẹ́. Ìka Garfield kan kò tọ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó là wọ́n. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ òkú ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á tán.

Mo fi aṣọ ibùsùn di igbá àyà Denzil. Ó ní, "Ẹ fà á dáadáa, Màmá." Mo fà á. Kò ké.

Ọjọ́rú, 22 Máàṣì

Afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, òjò tó ń ta bí ìlẹ̀kẹ̀. Garfield tún ti ju mẹ́wàá. Denzil fi iwájú ọkọ̀ rẹ̀ gbá ti Garfield lẹ́gbẹ̀ẹ́, pákó mẹ́ta wọlé. Garfield gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀ láti Àpáta Àlùfáà títí dé èbúté, bàtà òjò rẹ̀ ló fi gbọ́n ọn. Bàbá Silas wá sílé wa. Ó yọ fìlà, kò jókòó.

Ó ní, "Ìyá Denzil, mo ti rí okùn opó mọ́kàndínlógún ní ayé mi. Ẹyọ kan ni òkun jẹ rí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, torí òkun dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ náà."

Mo ní kó jókòó mu tíì. Ó ní rárá, òun kàn ní kí òun sọ ọ́ fún mi ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Máàṣì

Míìsì Frayne wọlé ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ó wà lórí òkè, ó ń fi awò rẹ̀ wo ẹyẹ.

"Màdáámú Hocken, mo rí wọn. Àwọn méjèèjì di okùn kan náà mú, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fà. Ọmọ yín gbé ọ̀pá tó ní ìkọ́ irin lẹ́nu. Ó fi..." Kò lè parí rẹ̀. Ó fi ìka kan ojú ara rẹ̀.

Ó ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, pẹ̀lú aago, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹyẹ dúdú kan tó na apá. Ó ní òun ń lọ tẹ ọlọ́pàá láago. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi fi í sílẹ̀, mo gbọ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dún, mo ya ojú ewé náà, mo sì jù ú sínú ààrò. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. N kò mọ̀ pé irú agbára bẹ́ẹ̀ wà lára mi.

Mo ní, "Kò sí nǹkan tẹ́ ẹ rí."

Ó wò mí bí mo ṣe ń wo ìjì. Ó wọ bọ́ọ̀sì agogo mẹ́rin lọ.

Denzil wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ wà ní apá aṣọ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ó bì sínú garawa èédú. Mo fọ aṣọ náà pẹ̀lú omi tútù àti iyọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Máàṣì

Ẹtì Rere. Mo wọ bọ́ọ̀sì méjì dé ilé ìwòsàn, wákàtí mẹ́ta, ìjókòó tó ń gbọ̀n. Garfield jókòó lórí ibùsùn, bándéèjì bo ojú òsì rẹ̀. Dókítà ti yọ ọ́.

Ó ní, "Ìyá Denzil. Ẹ mú páì wá? Oúnjẹ ibí kò dáa." Mo mú un wá.

Mo bi í kí ló sọ fún àwọn dókítà. Ó ní, "Mo ní mo yọ̀, ìkọ́ tèmi ló gún mi. Kí ni ọlọ́pàá mọ̀ nípa okùn?" Ó jẹ páì náà díẹ̀. "Ẹ má wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń wo àmì láti inú ọkọ̀, tí a ń to ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ihò èéfín orí ilé láti mọ ibi tí ìgèrè wà, ṣebí ojú kan la máa ń dì. Èyí tí mo máa ń dì ni ọmọ yín mú lọ. Ẹ bá mi kí i pé ó ṣeun."

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ìyá mi fi ọ̀dà dúdú kun kọ́ọ̀kì bàbá mi lọ́dún yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀. Mo bá a di agolo ọ̀dà mú. Ó ní kí n má jẹ́ kó dà nù. Mi ò jẹ́ kó dà nù." Ó yíjú sí ògiri. "Ẹ lè máa lọ báyìí."

Ọjọ́ Ajé, 10 Éprìlì

Ọ̀la ni. Denzil ti fi ọṣẹ fọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọwọ́ mi lágbára tó láti fa ìgèrè tó ti wà nísàlẹ̀ fún ọdún kan. Mo ní ó lágbára. A jẹ ọ̀dùnkún àti ẹja iyọ̀. Bó ṣe ń jẹun, ó jọ Wilf ní etí. Bí mo bá fún un, yóò jókòó sórí àga yìí títí màá fi kú. Bí n kò bá fún un, màá máa gba lẹ́tà mẹ́rin lọ́dún, méjì lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Mo fi ọ̀bẹ Wilf sínú àpò. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Éprìlì

Òkun dákẹ́ rọ́rọ́.

Bàbá Silas ló wa ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún yí wa ká lórí Àpáta Àlùfáà, kò sí ẹni tó tan ẹ́ńjìnì. Denzil wà lápá ọ̀tún. Garfield wà lápá òsì nínú ọkọ̀ tí pákó tuntun mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Bándéèjì náà ti dọ̀tí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Okùn náà kún fún ewé omi àti ìkarawun tó ń gé ni. Ní ìdajì, ọwọ́ mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀, Bàbá Silas kò sì ràn mí lọ́wọ́ nítorí kò gbọ́dọ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ìgèrè náà yọjú, ó ti wọ́, akàn kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀, abo, apá kan ló ní. Mo fi ọ̀bẹ Wilf gé okùn náà lára rẹ̀. Mo dìde nínú ọkọ̀.

Mo ní, "Ọ̀bẹ yìí ni Wilf fi gé okùn opó Nance ní ọdún 1920. Bàbá ẹ̀ ló rán an. Òkun ò jẹ nǹkan kan. Wilf sọ fún mi kó tó kú, ó ní kí n dá a padà. Ní ọjọ́ keje Máàṣì, ẹ bi mí ní èbúté, mo purọ́ fún gbogbo yín."

Mo na okùn náà sí apá òsì. Garfield nawọ́, ó sì kọ́kọ́ tàsé rẹ̀, nítorí pé ojú kan kò mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Ó tún nawọ́. Mo fi lé e lọ́wọ́.

Denzil tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó sì yí padà.

Ó wà nílé ìdáná nígbà tí mo dé, ó ń fọ ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Mo ní, "Denzil, mo fi í pamọ́ fún ọ. Mo fẹ́ kí o..."

Ó ní, "Ẹ ò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Mo wà lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí Bàbá ń sọ ọ́. Mò ń gbé èédú bọ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Mo jókòó.

"Odindi ọdún ni mo fi ń dúró dè yín, Màmá. Mo ní ẹ ó sọ ọ́, màá sì gbà. Ní èbúté, mo bi yín lójú gbogbo ayé, kẹ́ ẹ lè sọ ọ́. Ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Mo wá rò pé iṣẹ́ lẹ rán mi. Mo sì jẹ́ iṣẹ́ náà."

Ọjọ́bọ̀, 13 Éprìlì

Òjò. Denzil ti ń bá Garfield ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Garfield ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, Denzil ló ń mú okùn nítorí Garfield ń tàsé rẹ̀. Bàbá Silas ní wọn kò bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìdájí.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Éprìlì

Denzil kò lọ sí Kánádà. Àga rẹ̀ ló jókòó sí, ó jẹ ẹyin méjì, ó fọ abọ́ rẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ okùn. Mo bi í bóyá ó fẹ́ iyọ̀, ó na ọwọ́ mú un fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Méè

Míìsì Frayne fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́. Ó kọ ojú ewé kan nípa wa, pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ dúdú náà tó na apá. Ó ti tún un yà láti orí. Kò sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò tíì dé ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà mẹ́ta ti dé nítorí rẹ̀. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí ariwo ìlú ńlá ti sú, wọ́n ń bi mí bóyá òótọ́ ni.

Denzil ń jẹun bí mo ṣe ń kọ èsì. Mo kọ ọ́ pé yàrá wà, pé ṣílè mẹ́jọ ni fún ọjọ́ kan pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, àti pé nínú ilé yìí, wọn kò ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.